Ká A Sínú, Má Gé E

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní

Ẹ̀gbọ́n mi wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi láàárọ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ó ju síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sórí tábìlì mi. Ó ní, "Abẹ́rẹ́, bá mi tú ìbàdí wọn kó fẹ̀ sí i. Ikùn mi ti ń bá mi ṣe fáàrí." Mo ní ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tó sì ń jẹ ẹ́, kí ló fẹ́ kí ikùn òun ṣe? Oníbàárà kan tó wá gba gáùn rẹ̀ ní bóyá oyún ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá jẹ́ oyún ni pẹ̀lú ọjọ́ orí òun yìí, àwọn oníròyìn ni kí a pè, kì í ṣe dókítà. A rẹ́rìn-ín títí.

Mo wọn ìbàdí rẹ̀. Mo wọn apá rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí apá yẹn ni mo fi ń yangàn fún àwọn oníbàárà mi. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń fi ọwọ́ po ìyẹ̀fun lójoojúmọ́, kò gba ẹ̀rọ láyè, ìdí sì nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Alápá. Mo yí tépù ká apá náà, tépù ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé apá náà ti kéré sí i. Mo tún un wọ̀n. Mo rò pé tépù náà ló ti gbó tó sì ti nà, mo sì lọ ra òmíràn nírọ̀lẹ́. Tépù lásán-làsàn, owó rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Tépù tuntun sọ ohun kan náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Ilé ìwòsàn. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dẹ́rẹ́bà, ló fi ọkọ̀ gbé wa lọ. Ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, lónìí ó ń rọra wakọ̀ bí ẹni tó kó ẹyin.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀gbọ́n mi sórí ìwọ̀n, ó ní ó ti wúwo ju ìgbà tó wá ṣe àyẹ̀wò lóṣù tó kọjá lọ. Dẹ́rẹ́bà yọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó ń sanra. Ẹni tó ń ṣàìsàn kì í sanra." Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ò yọ̀. Ó ní, "Omi ni, sà. Omi ló kún inú wọn. Ẹ wo apá wọn, ẹ wo itan wọn." Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì wá, kò jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, mo sì ti mọ̀ nínú ara mi pé kò dáa. Jẹjẹrẹ ni. Ilé ẹyin ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti tàn káàkiri inú.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Ilé ẹyin, ṣé ibi tí ọmọ mi ti wá náà ni?" Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ilé tí mo ti kó ẹrù kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Ta ló wá lọ gbé ibẹ̀?" Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wọ́n fa omi náà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ikùn rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ ikùn yẹn kì í ṣe ẹni tí mo mọ̀. Omi ló ti ń bo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́ wa lójú. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jáde lọ dúró sí ọ̀nà ibi tí wọ́n ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Dókítà fi àwòrán inú ara rẹ̀ hàn wá. Ó fi ìka tọ́ ẹran méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹran yìí ni mò ń ṣọ́, mà. Oògùn tí a máa fà sí yín lára yóò tó ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà a ó tún ya àwòrán. Bí ẹran yìí bá dúró, a ó ṣe iṣẹ́ abẹ, a ó kó gbogbo ohun tí ojú bá rí kúrò. Bó bá yọ́ lọ, ara ò ní lè gba ọ̀bẹ."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọjọ́ mélòó ni mo ní?"

"Mi ò lè sọ ọjọ́. Ohun tí a ń rí ni pé àwọn tí ẹran ara wọn dúró lásìkò oògùn sábà máa ń pẹ́ ju àwọn tí tiwọn yọ́ lọ. Kì í ṣe òfin o. Àwọn kan wà tó já wa nírọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi wo apá rẹ̀. Ó ní, "Ẹran apá yìí ló bọ́ gbogbo ilé wa. Ó kàn án kó bọ́ èmi náà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n ti fún un ní oògùn àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó máa jẹ ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, wàrà, kó máa rìn, kó sì máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Dẹ́rẹ́bà ló gba iṣẹ́ ẹyin. Ẹyin tó dín láàárọ̀ yìí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́ tán, ó bì í, ó sì ní kó dín òmíràn wá. Ẹyin ti wọ́n sí i lọ́jà, a ò sì ní sinmi rírà á.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti gbààyè lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó ti gba ilé búrẹ́dì ṣe. Akọ̀wé là ń pè é. Ọwọ́ tó jẹ́ pé bíírò ló mọ̀, búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó yọ nínú ààrò le bí òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi mú un, ó gbá a mọ́ tábìlì, ó ní kí Akọ̀wé má dà á nù, àwọn tó ń kọ́lé á rà á. Àga rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì báyìí, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń pariwo pé, "Ìgbọ̀nwọ́ kọ́! Èjìká ni! Fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́!" Lálẹ́ ni Akọ̀wé wá bá mi, ó ń fi òróró ra apá. Ó ní, "Àǹtí, ṣé báyìí ni Mọ́mì ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́?" Mo ní báyìí ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò. Irun rẹ̀ ti tán. Ó ní ó kéré tán, ìyẹ̀fun ò ní rí ibi wọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta

Ó ti gba oògùn kejì. Ó ní kí n wá kó àwọn gáùn òun kí n bá òun mú wọn wọlé kó lè bá ara òun mu báyìí, nítorí pé àwọn tó ń wá ra búrẹ́dì ti ń fi ojú àánú wo òun, òun ò sì fẹ́ àánú ẹnì kankan. Ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Mo mú mẹ́rin wọlé lónìí: aláwọ̀ búlúù, olódòdó, eléérú, àti èyí tó fi lọ síbi tí Akọ̀wé ti gbàwé ẹ̀rí. Èyí tí mo mú kúrò ní apá pọ̀ débi pé ó ń ká jọ sínú. Mo gé àyè inú náà kúrò, mo sì rán etí rẹ̀ kó jọ̀lọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ náà mọ́. Nígbà tó wọ aláwọ̀ búlúù, ó bá a mu bí ìgbà tó ṣì ní ara. Ó wo dígí, ó ní, "Wò ó, mi ò tíì bàjẹ́ jù." Inú mi dùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù lọ gáùn búlúù, ó yí inú rẹ̀ síta. Ọmọ aránṣọ lòun náà. Ìyá wa ló kọ́ àwa méjèèjì, kí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ sídìí búrẹ́dì. Ó fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀pá, gáùn náà wà lọ́rùn rẹ̀, inú rẹ̀ wà níta.

"Abẹ́rẹ́, àyè inú aṣọ yìí dà?"

"Mo gé e, ẹ̀gbọ́n mi. Kó má baà máa ha yín lára ni."

"O gé e."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Kí ni Ìyá máa ń sọ fún wa?"

Ohun tí Ìyá máa ń sọ ni pé, ẹni tó rù lónìí lè sanra lọ́la. Ká a sínú, má gé e. Mi ò tíì gé àyè aṣọ oníbàárà kankan rí, kódà ti obìnrin tí kò san owó rẹ̀.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò ní padà sínú aṣọ mi? Ṣé dókítà bá ẹ sọ ohun tí kò bá mi sọ ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ìwọ lo wá dájọ́ fúnra ẹ." Ó yí padà, ó lọ. Mo fẹ́ dì í mú kó má baà ṣubú, ó fi ọ̀pá lé mi sẹ́yìn.

Òótọ́ ni pé aṣọ tó nípọn nínú máa ń ha ara aláìsàn. Òótọ́ sì tún ni pé nígbà tí sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, mo ti ń wò ó bí ẹni tí kò ní padà. Ọwọ́ mi ti sọ ohun tí ẹnu mi ò lè sọ. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó; mi ò mọ̀ pé ti sísọ́ọ̀sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo gbé ẹja lọ, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó jẹ ẹ́ tán, kò sọ ju "o ṣé" lọ. Dẹ́rẹ́bà ní kí n ní sùúrù, pé òun ti bá a gbé pẹ́, òun mọ bó ṣe ń bínú. Ó ní, "Bó bá ń bínú, ara rẹ̀ ń yá nìyẹn. Àná, ìbínú yìí ló fi dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹwàá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mi ò gba iṣẹ́ kankan lónìí. Mo da àpò àjákù aṣọ tí mo fi ń kún tìmùtìmù sílẹ̀, mo ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Búlúù, olódòdó, eléérú. Mo rí gbogbo wọn àfi ti ẹ̀kẹrin tó kù díẹ̀. Mo rán wọn padà sí abẹ́ apá, mo ká wọn sínú. Aránṣọ kan ò gbọdọ̀ rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú rírán gba orí ojú rírán bí ojú ọgbẹ́.

Mo kó wọn lọ bá a. Ó yí wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka tọ ojú rírán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, "Ó burẹ́wà."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó burẹ́wà gan-an. Ṣé o ò lajú rán an ni?"

Mo ní mò ń sunkún nígbà tí mò ń rán an. Ó ní a kì í sunkún ká má ríran. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, ó ń gbọ̀n èmi náà, Dẹ́rẹ́bà sì yọjú láti ilé ìdáná pẹ̀lú ẹyin lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin

Ìṣẹ́gun kékeré. Ó ti gba oògùn kẹta. Nọ́ọ̀sì gbé irin tí wọ́n fi ń wọn agbára ọwọ́ fún un, ẹ̀gbọ́n mi sì fi gbogbo agbára fún irin náà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bà á jẹ́ fún wa." Agbára rẹ̀ ti pọ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ! Nínú ọkọ̀, ó nawọ́ sí mi, ó ní kí n wọn apá òun. Mi ò mú tépù dání. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì yí i ká, mo ní ó ti ń kún. Bóyá ó ń kún lóòótọ́.

Akọ̀wé ṣe búrẹ́dì tó wú lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ ègé méjì, ó sì tún nawọ́ sí ìkẹta. Akọ̀wé sunkún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ibà. Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Dókítà ní oògùn náà ti pa ohun tó ń bá kòkòrò jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ̀ pé mo wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ó ṣì wà níbẹ̀. Kò lè jẹun, omi ni wọ́n ń fà sí i lára. Ẹyin Dẹ́rẹ́bà tutù sínú abọ́, ó gbé e wálé, ó sì tún gbé òmíràn lọ ní àárọ̀. Mi ò lè sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún

Ibà ti lọ, ó sì kó ẹran náà lọ. Wọ́n ti ya àwòrán. Dókítà gbé ti àtijọ́ àti ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì pọn dandan kó fi ìka tọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Mà, bí mo bá fi ọ̀bẹ kàn yín báyìí, mo lè má rí yín gbé dìde. Jẹjẹrẹ náà ò sì fà sẹ́yìn tó bí a ṣe rò. A máa tọ́jú ìrora, a máa fa omi bó bá tún kún. Mi ò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe ọdún la ń sọ mọ́."

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi kéré bí ti ọmọ iléèwé tó gba òdo. Ó ní, "Ṣé ẹyin tí mo jẹ ni kò tó?"

Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ̀bi yín kọ́ o. Ẹ jẹun ju bí agbára yín ṣe mọ lọ. Àìsàn yìí náà ló ń bá yín jẹun."

Dẹ́rẹ́bà ní òun fẹ́ lọ gbé ọkọ̀ wá. A jáde, a bá a nínú ọkọ̀ níbi tó páàkì sí, kò tíì ṣíná sí i, orí rẹ̀ wà lórí ìdarí ọkọ̀. Àìsàn ló ṣeé wò. Mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó korò báyìí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Rán gáùn kan fún mi. Aṣọ tó lágbára ni kí o rà, èyí tó ṣeé fọ̀ dáadáa, aláwọ̀ ewé. Ìwọ̀n mi àtijọ́ ni kí o lò, ti ìgbà tí apá mi ṣì jẹ́ apá. Kí o sì fi àyè sí apá rẹ̀ dáadáa, àyè tó pọ̀."

Mo wò ó. Mo rò pé kò gbọ́ ohun tí dókítà sọ, tàbí pé ó gbọ́ ọ, ó sì kọ̀ ọ́. Mo ti kọ́gbọ́n, mi ò bá a jiyàn. Mo ní, "Mo máa fi àyè sí i, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ra aṣọ náà. Òwú aláwọ̀ ewé ò sí níbi tí mo ti máa ń rà á, mo rìn dé òpin ọjà kí n tó rí i. Nígbà tí mo gé apá aṣọ náà tán tí mo gbé e sórí tábìlì, ó fẹ̀ débi pé mo gbàgbé pé apá ènìyàn kan wà láyé tó kún un rí. Mo gbé orí lé e, mo sunkún títí oníbàárà kan fi kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà

Mo gbé gáùn náà lọ. Mo ràn án lọ́wọ́ láti wọ̀ ọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ara rẹ̀ sọnù sínú rẹ̀. Ó ní kí n gbé dígí wá. Mo gbé e wá, ó sì wo ara rẹ̀ dáadáa.

Ó ní, "Mo dà bí ọmọdé tó jí aṣọ ìyá rẹ̀ wọ̀." Ó wá pe Akọ̀wé. Akọ̀wé wọlé láti ilé búrẹ́dì, ó ń nu ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bọ́ gáùn náà lára òun, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Wọ̀ ọ́ kí n rí ẹ."

Akọ̀wé wo ojú mi. Mi ò mọ nǹkan kan. Ó wọ̀ ọ́. Èjìká bọ́ sí i, àyà bọ́ sí i. Apá nìkan ló ṣì tú díẹ̀. Láti oṣù kejì la ti ń rí Akọ̀wé lójoojúmọ́, kò sẹ́nì kankan nínú wa tó kíyè sí ohun tí iṣẹ́ náà ti sọ apá rẹ̀ dà, àfi ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo pé èjìká ni. Ẹ̀gbọ́n mi fà á súnmọ́ra, ó fún ẹran apá náà bí ẹni tó ń yẹ ìyẹ̀fun wò bóyá ó ti wú tó.

Ó ní, "Ó ń bọ̀. Kò ní pẹ́ dé."

Akọ̀wé ní, "Mọ́mì, aṣọ yín ni."

Ó ní, "Ìwọ̀n mi ni. Aṣọ ẹ ni." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ṣé o gé nǹkan kan?"

"Mi ò gé nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ogún

Ó lọ ní àárọ̀ yìí, ní àsìkò tó máa ń tan ààrò. Gáùn búlúù tí mo fi àjákù tún rán la máa fi sin ín. Òun ló ní ká fi ìyẹn sin òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí ohun tí mo lè kọ.

Akọ̀wé wá lónìí, ìyẹ̀fun wà nínú irun rẹ̀. Kò padà sí ọ́fíìsì mọ́. Dẹ́rẹ́bà ló ń gbé búrẹ́dì kiri fún un, ó sì ṣì ń dín ẹyin tí kò ṣeé jẹ. Akọ̀wé wọ gáùn aláwọ̀ ewé. Ó dúró gbagidi níwájú tábìlì mi bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń dúró.

Ó ní, "Àǹtí, ó ti ń fún mi lápá. Bí mo bá ń po ìyẹ̀fun, ńṣe ló ń há mi. Ṣé àyè wà nínú rẹ̀?"

Mo mú tépù, mo yí i ká apá rẹ̀. Mo tún un wọ̀n. Mo ní kó bọ́ aṣọ náà, mo yí inú rẹ̀ síta, mo sì mú abẹ́rẹ́ ìtúṣọ.

Mo ní, "Àyè wà, ọmọ mi. Ó pọ̀."